Kí Ọkọ̀ Tó Lọ, Ẹ Rí i Pé Ó Lè Dúró

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Àwọn tó mọ̀ mí láti ìgbà èwe mọ̀ pé kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́rin, mo sì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Ìdí nìyí tí àwọn ará ìjọ fi máa ń pè mí sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti àdúrà nìkan.

Ilé kan wà níhìn-ín ní Kétù, tí kò jìnnà sí ọ̀nà Ìkòròdú. Lẹ́yìn ilé náà, lábẹ́ igi máńgòrò, Peugeot 504 kan ti dúró láti ọdún 2009. Alàgbà kan nínú ìjọ wa ló ni ín. Ọdún tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ló gbé e síbẹ̀, kò sì wà á mọ́ títí Olúwa fi pè é sílé. Ewé máńgòrò bò ó, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ̀ tan, adìyẹ sì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Màmá, opó rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ àgbà ní kí wọ́n tà á fún àwọn onírin ní Òwódé Onírin, kí ilẹ̀ lè gba èèyàn. Àbígbẹ̀yìn nìkan ló dúró lé e pé òun yóò tún un ṣe.

Kì í ṣe ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan ló sún ọmọkùnrin náà. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù kan sáré láti abẹ́ náírà 200 lọ sí nǹkan bíi 500, tí kò sì dúró síbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó náírà tún já wálẹ̀, ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀pọ̀ ìdílé ti padà sí ọkọ̀ tí wọ́n ti gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé.

Irú ọkọ̀ yìí kì í sì í ṣe àjèjì. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà sì ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, níbí ní Èkó, tí wọ́n ń to èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbàgbé àwọn fáìfù-ó-fọ́ọ̀ gígùn tó ń kó èrò ní Ojọ́ta lọ sí Ìbàdàn àti òkè ọ̀hún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa mọ inú ọkọ̀ yìí bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀, èèyàn sì ṣì lè wá ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọkùnrin náà ra bátìrì tuntun, ó fún táyà ní afẹ́fẹ́, ó da lítà márùn-ún epo sínú táǹkì, ó sì fọ káburétọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ní ìgbà kẹrin, ọkọ̀ náà jí! Gbogbo ilé hó yèè. Màmá jó. Ayọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọkùnrin náà fi kó méjì nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì wà á jáde ní géètì.

Àdúgbò náà da gẹ̀rẹ́ lọ sí ojú títì. Ní ìdajì ọ̀nà, ó tẹ bíréékì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ gbuu. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Obìnrin tó ń sun àgbàdo létí ọ̀nà fi bàtà kan sílẹ̀ sá lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹnì kan ń kọ́lé níbẹ̀. Inú òkìtì yanrìn ni ọmọkùnrin náà darí ọkọ̀ sí. Ètè ọmọ kan bẹ́, gíláàsì iwájú fọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí yanrìn yẹn kò bá sí níbẹ̀, ojú títì tí dánfó ti ń sáré ni ìbá já sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n lọ tà á. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ bàbá wọn pa ọmọ wọn."

Mo bi ọmọkùnrin náà pé, "Kí lo kọ́kọ́ tún ṣe?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, sà."

"Bíréékì ńkọ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ wò nínú ọgbà, sà. Ó le."

Níbẹ̀ ni àṣìṣe náà wà, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo wa la fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ohùn ẹ́ńjìnnì ni ọkọ̀ fi ń sọ pé òun ti jí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lè lọ, tí kò lè dúró, ó sàn kí ó máa sùn lọ. Mo bẹ Màmá pé kí ó fún wa ní oṣù mẹ́ta, kí a tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìdí ìró. Bí a ti ṣe é nìyí, bóyá yóò wúlò fún ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Èkíní, bíréékì. Òróró bíréékì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá pẹ́, omi yẹn yóò mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Àwọn rọ́bà kéékèèké inú rẹ̀ yóò sì gan. Bí o bá rọra tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró, ó lè dì í mú. Ọjọ́ tí o bá tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára ni rọ́bà yóò ya. A tú gbogbo rẹ̀ láti orí pẹ́dà dé ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pààrọ̀ àwọn rọ́bà àti họ́ọ̀sì, a da òróró àtijọ́ nù, a sì rọ tuntun. A kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì títí ìyẹn fi parí.

Èkejì, epo. Bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú táǹkì kì í ṣe epo mọ́. Yóò máa rùn bí ọ̀dà, yóò sì dí ojú ihò káburétọ̀. Ọmọkùnrin náà ti da epo tuntun lé àtijọ́ lórí. A sọ táǹkì kalẹ̀ ní gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí iná tàbí sìgá kò sí nítòsí, a sì fà á gbẹ. Ìpẹtà tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kún àgolo mílíìkì. A fọ táǹkì, a sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, nítorí rọ́bà tó ti sán lè kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ilé odidi ti jóná nítorí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bátìrì jí ẹ́ńjìnnì tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì bíi ṣíbí kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà rọra yí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá yí, ẹ má ṣe fi agbára mú un; ẹ tún da ọ́ìlì sí i, kí ẹ dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá ti yí, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fíltà, ẹ sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìtíì dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Nígbà náà ni ọ́ìlì ti dé gbogbo ibi tí irin ti ń ha irin. Orí ni ó kó ọmọkùnrin yẹn yọ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin, omi. A fọ rédíétọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, a sì pààrọ̀ àwọn họ́ọ̀sì. Orí ẹ́ńjìnnì 504, alumíníọ̀mù ni. Bí ó bá gbóná jù, ó lè wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì jó. Bí ẹ bá fa ọ́ìlì wò tí ó funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, táyà àti wáyà. Táyà Bàbá ṣì ní ojú dáadáa, ìyẹn ló tan ọmọkùnrin náà jẹ. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa darúgbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nọ́ńbà tí lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀ lára táyà. Bí ó bá jẹ́ 2308, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kò yé kìlọ̀ nípa táyà tó ti lo ìgbà rẹ̀ kọjá. A ra mẹ́rin àti àpamọ́ kan. Ní ti wáyà, èkúté ti kọ́lé sínú àpótí fíltà afẹ́fẹ́, ó sì ti jẹ wáyà iná ẹ̀yìn. Ríwáyà wá fi ọjọ́ méjì tún un ṣe.

Ẹ̀kẹfà, ìwé. Orúkọ olóògbé ṣì ni ìwé ọkọ̀ náà wà lórí, gbogbo rẹ̀ sì ti kú láti ọdún pípẹ́. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n fi ẹnu kò pé orúkọ Màmá ni kí wọ́n gbé e sí. Ìgbà yẹn ni ìjà tó wà láàárín wọn rọlẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé, wọ́n ra ìnṣọ́ránsì, wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bèèrè pé, ṣé gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ló yẹ ká tún ṣe? Rárá o. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ilẹ̀ àti férémù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka lè wọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí Òwódé Onírin, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé ìrántí ni iṣẹ́ wọn. Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní Ìkòyí, ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, ṣì wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, pẹ̀lú ojú ọta lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó retí pé kí ó tún rìn. Ìdúró rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ìdílé kọ́kọ́ pinnu: ṣé ìrántí ni, tàbí ojú títì? Bí ó bá jẹ́ ìrántí, ẹ nù ún, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú títì, ẹ ṣe é délẹ̀délẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ ló ń pààyàn.

Oṣù mẹ́ta tí a dá di márùn-ún. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí àwọn ọlọ́jà Máìlì 12 tó kún ojú ọ̀nà, Màmá tú kọ́kọ́rọ́ nídìí ìró, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. Kí a tó jáde ní géètì, mo ní kí ó wà á síwájú, kí ó dúró. Kí ó tún wà á, kí ó tún dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo ní kí ó ṣe é. Lẹ́yìn náà la sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́ yẹn. Ó tẹ bíréékì níwájú obìnrin alágbàdo, ọkọ̀ náà sì dúró jẹ́jẹ́. Obìnrin náà ti kọ́kọ́ dìde láti sá. Nígbà tó rí i pé ọkọ̀ dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà jókòó. A lọ sí Alápẹ́rẹ̀, a sì padà.

Nígbà tí a dé, Màmá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí nígbà ayé ọkọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òórùn rẹ̀ kò yí padà." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Ó yá, gbé mi lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ o."

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó di oṣù tó ń bọ̀.