Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Gómìnà Wa: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Kọ́ọ̀sì Kó Tó Gba Fọ́ọ̀mù JAMB

Ẹ̀yin Gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa òbí tó yẹ kó dé etígbọ̀ọ́ yín.

Ọmọ tó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ ṣe pọ̀ lóde òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á béèrè pé, "Kọ́ọ̀sì wo?" Ọmọ á ní, "Kọ̀ǹpútà ni." Èrò ń tì í lẹ́yìn, onítọ̀hún á tẹ Computer Science, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì gbé jáde lọ́dún 2022, Software Engineering, Cybersecurity àti Information Systems dá dúró ní tiwọn. Computer Science kún fún ìṣirò. Software Engineering dá lórí kíkọ ètò ńláńlá fún kọ̀ǹpútà. Cybersecurity ń kọ́ni láti lé olè orí íntánẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Information Systems wà fún ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ okòwò ṣe.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Físíìsì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń béèrè rẹ̀ fún Computer Science. SS1 sì ni ọmọ ti ń yan kíláàsì. Ẹni tó bọ́ sí kọmáṣà, tí kò ṣe Físíìsì, ó di SS3 kó tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì mọ́ òun lójú.

Ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, ẹ fún ilé-ìwé girama ìjọba kọ̀ọ̀kan ní olùdámọ̀ràn tí yóò bá ọmọ àti òbí sọ̀rọ̀ ní JSS3. Èkejì, ẹ tẹ ìwé pélébé jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ kọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀, sọ́bjẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ló ń san owó ilé-ìwé. Ó yẹ kó mọ ohun tó ń náwó lé. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń gba òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí oní-HND tó jáde ní pólì àti oní-BSc tó jáde ní yunifásítì jọ ṣe ìdánwò kan náà, kí ipò wọn sì dọ́gba. Ìgbà náà lòbí kò ní máa sá fún pólì mọ́.

Kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé pélébé náà ṣáájú. Òun ló yá jù, òun ni kò sì wọ́n.

Àwa òbí àti alágbàtọ́ ọmọ ilé-ìwé girama