Ìdánwò Amẹ́ríkà Lẹ́nu Ìyá Ará Ṣúpárè

Orí tẹlifóònù ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 2018. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni ó pè mí láti Amẹ́ríkà. Ọmọ bíbí Ṣúpárè Àkókó ni. Iṣu àti gbúgùúdá ni ó ń tà ní ọjà Ìkàrẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mú un lọ sí ọ̀hún ní ọdún 2000, pé kí ó wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ìwé ìgbélùú wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, ó ti di ẹni ọdún 66, ó sì wá fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ìdánwò ni ó ń bà á lẹ́rù.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “èmi kò lọ sí ilé ìwé. Ta ni yóò bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú òyìnbó?”

Mo ní, “Ìyá, ta ni ó sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi ṣe é?”

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa tí ó wà lẹ́yìn odi kò mọ̀ nìyí, ìbẹ̀rù sì ti mú kí àwọn mìíràn jókòó pa sí ilé fún ọdún gbọọrọ. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 50, tí ó sì ti lo ọdún 20 gẹ́gẹ́ bí olùgbé tí ó ní ìwé, tàbí ẹni tí ó ti pé ọdún 55 tí ó sì ti lo ọdún 15, kò ní ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Yóò dáhùn ìbéèrè lórí ìjọba àti ìtàn, ṣùgbọ́n ó lè fi èdè tirẹ̀ dáhùn wọn, kí olùtumọ̀ jókòó tì í. Nígbà náà, ìbéèrè 100 ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti ọdún 2008. Ẹnu ni a fi ń dáhùn. Wọn kì í bi ènìyàn ju 10 lọ, ẹni tí ó bá sì gba 6 ti yege. (Ẹni tí ó bá kọ ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni tirẹ̀ le sí i: 128 ni ìbéèrè tí yóò kọ́, wọn yóò bi í ní 20, yóò sì gba 12. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ti pé 65, tí ó sì ti lo ọdún 20, ìbéèrè 20 péré ni yóò kọ́.)

A rò pé wàhálà ti tán. Àṣé ibi tí wàhálà wà gan-an ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Àkọ́bí rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa, kódà ó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ṣúpárè bí ẹni pé àná ni ó kúrò nílé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ka ìbéèrè kìíní sí ìyá rẹ̀ létí, ó kan ìdènà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ìjọba. Ó lè fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ, àìsàn àti òkú ẹbí. Kò lè fi í bá a sọ̀rọ̀ òfin. Báyìí ni ó ṣe di pé ní alaalẹ́ Sunday, fún oṣù mẹ́ta, èmi àti Ìyá jókòó sórí fóònù, mo ń túmọ̀, ó ń dáhùn.

Àwọn kan nínú wa, tí wọ́n tilẹ̀ kàwé, fẹ́ràn láti máa sọ pé Yorùbá kò lè gbé ọ̀rọ̀ ìjọba òde òní. Mo fẹ́ kí irú wọn gbọ́ Ìyá. Kò sí èyí tí ó ta wá yọ nínú ìbéèrè ọgọ́rùn-ún náà. Láti ọdún 1979 ni Nàìjíríà ti ń lo irú ìjọba tí Amẹ́ríkà ń lò, àwọn oníròyìn Yorùbá lórí rédíò sì ti bá wa ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, ẹ̀ka ìdájọ́, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Mo bi í pé ta ni olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ó ní Ààrẹ ni. Mo bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀ nígbà tí a kò tíì kọ́ ọ. Ó ní ṣé kì í ṣe Ààrẹ ni à ń pe Kakaǹfò ní Ọ̀yọ́ ni, ta ni yóò tún jẹ́ olórí ogun? Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti gbé ìdáhùn pọ̀n sẹ́yìn.

Èyí tí mo gbádùn jù ni ìbéèrè tí ó sọ pé, kí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ka ìjọba kan lágbára jù?

“Àwọn ìjòyè ni.”

“Ìyá, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń bi yín.”

“Ṣé wọn kò ní ìjòyè ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jàre mi. Ohun tí ìbéèrè náà ń wá ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kó èkejì níjàánu. Ẹni tí ó dàgbà sí ìlú tí ọba kò ti lè dá ìpinnu ṣe láìpe àwọn ìjòyè rẹ̀ mọ èyí kí wọ́n tó kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà sí i létí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ Aláàfin. “Kíkó ara ẹni níjàánu” ni a fi túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e jù bí ó ṣe yé ọmọ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé, àwọn wo ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà tí wọ́n sì tà lẹ́rú? Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Àwa.” Mo sọ fún un pé “àwọn ará Áfíríkà” ni kí ó wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀? Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ọmọ ogun Tápà ń já wọ ilẹ̀ Àkókó, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dé òkè òkun, ṣùgbọ́n ìtàn náà ni ó gbọ́ lẹ́nu ìyá tirẹ̀, nípa àwọn tí ó sá gun òkè àti àwọn tí kò padà wá. Kò sí bí mo ṣe lè sọ fún un pé kí ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdáhùn náà.

Ibi tí a ti jà ni ìbéèrè nípa ìlérí tí ènìyàn ń ṣe bí ó bá ń di ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn rẹ̀ ni pé yóò kọ ìtẹríba fún orílẹ̀-èdè mìíràn sílẹ̀. Ìyá ní òun kò ní sọ ìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé òfin Nàìjíríà kò gba ọmọ Nàìjíríà mọ́ ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé ó gba ti ìlú mìíràn. Ó ní òfin ni mò ń sọ, òun ń sọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ní Yorùbá, ìwọ ni o sọ ọ́. Kò sí ibi tí o lè fara pamọ́ sí. A wá ìdáhùn mìíràn tí wọ́n gbà: yóò máa pa òfin Amẹ́ríkà mọ́. Ìyẹn kò ni í lára.

Ìjà yìí ni ó mú kí n lọ ka ìwé òfin tiwa. Abala 27 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kò sọ̀rọ̀ ìbéèrè ọgọ́rùn-ún kankan fún àjèjì tí ó bá fẹ́ di ọmọ wa. Ó ní kí ó ti gbé àárín wa fún ọdún 15, kí ìwà rẹ̀ dára, kí ó sì jẹ́ pé, lójú Gómìnà ìpínlẹ̀ náà, àwọn ará àdúgbò tí yóò máa gbé tẹ́wọ́ gbà á, tí ìgbé ayé wọn sì ti mọ́ ọn lára. Bí ará Ṣúpárè ṣe ń dán àlejò wò nìyẹn: ṣé ó wá síbi òkú, ṣé ó bá wa tún ọ̀nà odò ṣe? N kò sọ pé tiwa dára jù. Ojú lè fọ́ sí ọ̀tá, ìdánwò ẹnu kì í sì í mọ ojú ẹni. Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbé àárín wọn fún ọdún 18, ó ti wẹ ọmọ mẹ́fà fún wọn, kò sì sí ìbéèrè kan lórí ìyẹn.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ti àwa onílé. Abala 55 ìwé òfin kan náà gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá láyè láti fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ṣe iṣẹ́ wọn bí ètò bá ti wà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ọ́fíìsì kan ní Amẹ́ríkà gba ìyá ará Ṣúpárè láyè láti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ìjọba. Bí ó bá dé Àbújá, wọn yóò ní kí ó lọ mú ọmọ rẹ̀ wá.

Ó ṣe ìdánwò náà. Olùtumọ̀ tí wọ́n rí fún un gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kò sì bù kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè méje ni wọ́n bi í, ó gba mẹ́fà. Iye àwọn aṣojú-ṣòfin ni ó gbàgbé, 435. Wọn kò bi í ní ìbéèrè nípa ìlérí.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó kọ̀ láti sọ yìí wà nínú ìbúra fúnra rẹ̀. Mo pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í pé kí ni ó ṣe nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ó ní òun na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí wọ́n ti ní kí àwọn ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè é, òun sì ń pè é tẹ̀lé wọn. Ó ní inú òun dùn pé olùtumọ̀ kò sí nítòsí.