Wọ́n Ní Kí Ajá Má Bímọ Mọ́: Ta Ni Yóò Sanwó Dókítà?

Bí wọ́n bá sọ fún ìyá aláta kan lọ́jà pé ìjọba ìlú kan ṣòfin pé ajá kò gbọdọ̀ bímọ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bú sí. Yóò ní ṣé ìjọba ò ríṣẹ́ mìíràn ṣe ni? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní Los Angeles, ìlú ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 2008, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fọwọ́ sí i pé ajá tàbí ológbò tó bá ti pé oṣù mẹ́rin, dandan ni kí ẹni tó ni ín gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bó bá jẹ́ akọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bó bá jẹ́ abo, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má lè lóyún mọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ìlú náà, tó sì ra ajá, òfin yìí kan òun náà.

Bí wọ́n ṣe kọ òfin ọ̀hún nìyí: ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀, wọn á júwe ibi tí iṣẹ́ abẹ ti dínwó fún un, wọn á sì fún un ní 60 ọjọ́. Bó bá tún kọtí ikún, yóò san 100 dọ́là, yóò sì fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá tún ṣe é, ó di 500 dọ́là tàbí iṣẹ́ wákàtí 40. Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ ni ajá ọlọ́pàá, ajá tó ń fọ̀nà han afọ́jú, ajá tí wọ́n fi ń díje, èyí tí dókítà bá kọ̀wé pé abẹ lè ṣe ní jàǹbá, àti ti àwọn tó gbàwé àṣẹ láti máa sin ajá tà.

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi o. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, ó sì lè bí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ológbò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó fi lè lóyún, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Èyí tí kò rẹ́ni gbà, ọgbà ìjọba ni wọ́n ń kó o lọ. Bí ọgbà bá kún ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ikú ni. Ẹgbẹ́ ASPCA, tó ń gbèjà ẹranko ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé ní 2011, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 ajá àti ológbò ni wọ́n pa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 2019, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 920,000. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn kéré?

Ìdí nìyẹn tí Bob Barker, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tó kú ní 2023, fi máa ń rọ àwọn èèyàn ní ìparí ètò rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ẹran wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ. Òun náà wà lẹ́yìn aṣòfin Lloyd Levine nígbà tó gbé irú òfin yìí wá fún gbogbo California ní 2007, àmọ́ ọwọ́ ilé aṣòfin àgbà ni òfin náà kú sí ní 2008. Wọ́n ní kí ẹran má tiẹ̀ wáyé sàn ju kó wáyé kí wọ́n wá pa á. Wọ́n tún ní abo ajá tí wọ́n bá ṣe é fún, àìsàn kí ilé ọmọ máa ṣọyún kò ní bá a jà.

Àwọn tó takò ó náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ajá tòun ti ìwé ìran rẹ̀, American Kennel Club, ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran, AVMA, tí owó iṣẹ́ abẹ ń wọ àpò wọn, kò fara mọ́ ọ̀ràn-an-yàn. Wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ o, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ìjọba bá fi túláàsì mú un, ẹni tí kò lówó á gbé ajá rẹ̀ pamọ́, kò ní gbé e lọ gbabẹ́rẹ́ dìgbòlugi mọ́. Àbí ẹ ò rí i? Ní 2013 pàápàá, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Davis rí i pé irú ajá tí wọ́n ń pè ní golden retriever, bí wọ́n bá tètè ṣe é fún un kó tó pé ọdún kan, àìsàn oríkèé máa ń ṣe é ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ọjọ́ orí tó yẹ, ẹnu dókítà ló yẹ ká ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu aṣòfin.

Ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ gan-an ni owó. Olówó ti gbé ajá tirẹ̀ lọ kí òfin tó dé. Télọ̀ tí ajá kan ṣoṣo ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìtanràn máa bá. Ẹni tí kò rówó san fún dókítà, níbo ni yóò ti rí 500 dọ́là fún ìjọba? Gbogbo ajá ló ń jẹ imí, èyí tó bá jẹ tirẹ̀ mọ́ ẹnu ni wọ́n ń pè ní dìgbòlugi.

Los Angeles fúnra rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kó tó ṣòfin. Ní 1971 ló ti ṣílé ìwòsàn tí mẹ̀kúnnù ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ẹran rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà yẹn ló dáa jù. Ẹ wo òbúkọ nílẹ̀ Yorùbá. Ta ló ṣòfin kí wọ́n tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá? Ẹni tó ń sin ín ló rí i pé ọ̀dá ń sanra, kò sì ń rùn, owó rẹ̀ sì ká a, ló bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní ìtanràn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni, inú yàrá ni òbúkọ ì bá máa sùn!

Ẹni tó lówó tí kò sì fẹ́ ṣe é ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ti rí ti ìyẹn ṣe: owó ìwé àṣẹ ajá tí wọ́n bá ti ṣe é fún kéré, ti èyí tí wọn kò ṣe é fún pọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé dókítà tó dínwó sún mọ́ àdúgbò mẹ̀kúnnù. Bí ẹnì kan bá wá kọ̀, tó ń jẹ́ kí ajá rẹ̀ máa bímọ káàkiri ìgboro, kí ìtanràn bá onítọ̀hún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá nílé, ẹ̀yin tí ajá aládùúgbò kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, èwo lẹ rò pé ó máa ṣiṣẹ́: òfin ni, àbí dókítà tó dínwó? Ojú ìwé lẹ́tà ń retí yín o.