Ilé epo kékeré àti ilé ìfọpo ńlá: irú òfin wo ló lè gbà wá?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, gbogbo wa la mọ̀ pé bí epo bá wọ́n ní Nàìjíríà, kpayo tó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì wa náà á wọ́n. A rí i ní 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé ìfọpo Dangote fi kàn wá.

Ilé ìfọpo yìí lè fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ní 2025, ó kéde pé òun máa fi ọkọ̀ ńlá 4,000 gbé epo fún àwọn oníbàárà, láìgba owó ọkọ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn onílé epo figbe ta: bí ẹni tó ń fọ epo bá tún ń gbé e kiri, kí ló kù fún àwọn?

Irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí epo ọkọ̀ wọ́n níbẹ̀ ní 1973, ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland wádìí, wọ́n rí i pé ilé epo tí àwọn afọpo ń tà fúnra wọn ló ń rí epo gbà ju àwọn yòókù lọ. Ni wọ́n bá ṣòfin ní 1974. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́, afọpo ò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ilé epo. Èkejì, bó bá dín owó kù fún ilé epo kan, kó dín in kù bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé epo tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Exxon gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì já sófo ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1978. Àmọ́ àwọn adájọ́ ò sọ pé òfin náà máa ṣe aráàlú lóore. Wọ́n tiẹ̀ gbà pé ó lè pa àwọn tó ń ra epo lára, torí àwọn ilé epo afọpo kan máa ń tà á lọ́pọ̀. Wọ́n kàn ní ìpínlẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é.

Lójú tiwa, apá kejì òfin yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Tá a bá lé ẹni ńlá kúrò lọ́jà, owó epo lè lọ sókè. Tá a bá sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣojúsàájú, ó lè ta ọ̀pọ̀ títí àwọn kékeré á fi kógbá sílé, lẹ́yìn náà òun nìkan láá máa dá iye lé e. Iye kan náà fún gbogbo ẹni tó wá rà: ìyẹn ò lé ẹnikẹ́ni, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ́ ẹlòmíì lọ́rùn.

Òfin Àbújá ò ní dárúkọ oníkpayo wa, àmọ́ onízem tó ń rà á ló máa san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa fetí sí i.