"A Borí": Ta Ni "A"?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà ló gba wúrà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà láti 1983 tí ìdíje àgbáyé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ese Brume gba fàdákà nínú fífò jìnnà. Igbe kan náà ló gba ìgboro àti ọ́fíìsì ìjọba: "A borí!"

Ta ni "a"? Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹnì kìíní ọ̀pọ̀ nínú èdè Yorùbá kì í sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tí kò sí níbẹ̀. Fulfulde ya méjèèjì sọ́tọ̀: "en" kó ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra, "min" yọ ọ́ sílẹ̀. Abẹ́ "a" tí kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ yìí ni àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ń sá pamọ́ sí. Bí ògo bá dé, wọ́n wà nínú "a". Bí ìtìjú bá dé, ó di "wọn". Ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá.

Ní 2021, wọ́n yọ eléré-ìje 10 láti Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, nítorí pé wọn kò tíì ṣe iye àyẹ̀wò oògùn tí òfin là kalẹ̀. Ètò àyẹ̀wò kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń sáré. Iṣẹ́ àjọ orílẹ̀-èdè ni. Ní Paris ní 2024, Favour Ofili ti kúnjú ìwọ̀n fún mítà 100, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló gbàgbé, kálàmù ni.

Àwọn kan yóò ní wúrà Eugene fi hàn pé ètò ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kan ní El Paso, lábẹ́ olùkọ́ni ọmọ Jàmáíkà, ni Amusan ti gbó nínú iṣẹ́ náà. Kò sí àléébù nínú kí ọmọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Àléébù ni kí ẹni tí kò bomi rin igi máa ṣíwájú àwọn tó ń ká èso. Gloria Alozie, tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Sydney ní 2000, di ti Sípéènì. Pọtogí ni Francis Obikwelu gba fàdákà fún ní Athens ní 2004. Ta ló sọ nígbà náà pé "A ṣẹ̀"?

Kí ẹni tó bá fẹ́ wà nínú "a" kọ́kọ́ fi ọjọ́ àyẹ̀wò àti ìwé orúkọ han gbogbo ayé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Títí dìgbà náà, gbólóhùn tó tọ̀nà kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ó borí."