Bẹ́líìtì Tí Ń Ké: Ta Ni Yóò Ra Òmíràn?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kò sí awakọ̀ kan tí ń ná ọ̀nà Ìwòyè-Kétu sí Ìmẹ̀kọ tí igbe yìí ṣàjèjì sí. Ní ìdájí, bí a bá ti ṣí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, igbe kan á ta láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "kíììín!", bí ẹni tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èrò á di etí. Awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ tẹ epo, igbe á rọlẹ̀, wọ́n á sì máa lọ.

Ariwo náà kọ́ ni ó ń bí wa nínú, bí kò ṣe ohun tí a fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ra bẹ́líìtì, àwọn mìíràn ń ro ọ́ìlì sí i, àwọn kan tilẹ̀ ń fi àbẹ́là họ ọ́. Yóò dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì a máa mú kí rọ́bà wú kí ó sì rọ̀, a sì tún máa mú kí ó yọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ó tó di ọjọ́ mélòó kan, igbe ti padà, bẹ́líìtì náà sì ti bàjẹ́ pátápátá.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù, wọ́tà-pọ́ǹpù àti alternator tí ń fún bátìrì ní iná. Nínú Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, tí kò ní omi rárá, òun náà ni ó ń yí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa bátìrì á tàn níwájú awakọ̀, ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ẹni tí ó bá ní òun yóò rọra wa ọkọ̀ náà dé ilé ni yóò sun tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì. Ibi tí iná yẹn bá ti tàn ni kí a ti pa ẹ́ńjìnnì, kí a má sì ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá ń hó.

Kí ni ó ń mú un ké? Rọ́bà ni ó ń yọ̀ lórí irin. Ìdí rẹ̀ tí ó fi ń ké jù ní òwúrọ̀ ni pé bátìrì ti náwó sí ṣíṣí ọkọ̀, alternator sì ń sáré láti dá a padà fún un. Ẹrù wúwo ni ìyẹn jẹ́ fún bẹ́líìtì tí ó ti rọ̀. Ẹ tan iná iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdúró. Bí igbe bá le sí i, bẹ́líìtì tí ń yọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò wa. Àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò àti Ibẹ̀ṣè mọ̀ pé Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí a ṣe ọgbà yí bẹ́líìtì àti púlì ẹ̀rọ ká. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní ọgbà. Ìka ọmọṣẹ́ tí ó bá bọ́ sí ibẹ̀ kì í hù padà.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì náà. Bí ó bá ń dán bí dígí, tàbí tí ó ti sán, ọjọ́ rẹ̀ ti pé, fífà kò lè tún un ṣe. Bí ó bá kún fún ọ́ìlì, ẹ wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò kí ẹ tó ra tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó yín ti jó nìyẹn. Ẹ wo inú púlì pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni bẹ́líìtì fi ń di púlì mú, kì í ṣe ìdí. Bí ìdí púlì bá ti ń dán, bẹ́líìtì tàbí púlì náà ti jẹ, ó sì ti ń jókòó sí ibi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn èyí ni kí a fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì láàárín púlì méjì tí ó jìnnà sí ara wọn jù. Nǹkan bí ìdajì íńṣì ni ó yẹ kí ó wọlẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó tú bóòtù alternator díẹ̀, a ó tì í sẹ́yìn, a ó sì dè é padà. Iṣẹ́ sípánà méjì ni.

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ bá àwọn mẹkáníìkì wa wí díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé bí bẹ́líìtì bá ṣe le tó ni ó ṣe dára tó, wọ́n á sì fi irin gbòòrò fa alternator títí bẹ́líìtì á fi máa dún bí okùn gìtá. Igbe á tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ríǹ wọ́tà-pọ́ǹpù àti ti alternator ni ìyà náà bọ́ sí lórí, bẹ́ríǹ sì wọ́n ju bẹ́líìtì lọ ní ìlọ́po. Bí ẹ bá fura pé bẹ́ríǹ ni ó ń ké, ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá ń họ tàbí tí ó ń mì ni ọ̀daràn.

Ti àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ òde òní yàtọ̀ díẹ̀. Bẹ́líìtì wọn fẹ̀, ó ní ìlà-ìlà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní irin onísípíríńgì tí ń fà á fúnra rẹ̀. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i láti òkèèrè nígbà tí ó bá ń ké. Bí ó bá dákẹ́ tí ó sì tún padà, ó ṣeé ṣe kí púlì kan má tò sórí ìlà. Bí ó bá ké sí i, ó ti rọ̀. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí yóò sán, nítorí rọ́bà tí wọ́n ń lò nísinsìnyí a máa jẹ tán láìsán.

Wàyí o, ta ni yóò sanwó? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Awakọ̀ ń jẹ́ dìlífárì fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, epo sì ń jẹ ìyókù láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023. Bí ó bá sọ fún ọlọ́kọ̀ pé bẹ́líìtì ń ké, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, "Ṣé ó ti já?" Bí ó bá wá já ní ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnnì sì jóná, awakọ̀ ni wọ́n á ní ó sun ún, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa kò rí òdodo kankan nínú èyí. Ẹni tí ó ni ẹ́ńjìnnì ni ó ni bẹ́líìtì. Iṣẹ́ awakọ̀ ni láti gbọ́ igbe, láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì sọ fún ọlọ́kọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an lójú ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ti ṣe èyí, ọ̀ràn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó gbọ́ igbe tí ó sì fi ọṣẹ pa á, a kò lè gbèjà rẹ̀.

Kí ọlọ́kọ̀ ra bẹ́líìtì kejì pẹ̀lú, kí ó wà lábẹ́ àga. Nígbà tí ìjọba ti ẹnu ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, a rí i pé ọjà Kétu tí ó wà nítòsí wa lè di ọ̀nà jíjìn lóòjọ́.

A ń fẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ àdéhùn kan sílẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ àti awakọ̀ yóò jọ fọwọ́ sí: bẹ́líìtì, bẹ́ríǹ àti gáskẹ́ẹ̀tì láti àpò ọlọ́kọ̀, dìlífárì kò sì sí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ rẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ kí a lè wò ó.