Yàrá Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́: Ohun-Ìní Ìlú Ni, Kì í Ṣe Ti Ìjọba



Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá ni mo lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi ní abúlé kan tí ọkọ̀ kì í lè dé bí òjò bá rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ mú mi rìn yí ọgbà rẹ̀ ká, títí tí a fi dé iwájú yàrá kan tí a fi irin ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí ó ṣí i, mo rí ogún kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Aṣọ bò wọ́n, eruku sì bo aṣọ náà. Ó sọ fún mi pé ọdún kẹrin nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀rọ amúnáwá wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ra epo sí i. Owó íntánẹ́ẹ̀tì tí a san sílẹ̀ tán láàrin ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò sì san òmíràn. Mo bi í léèrè pé kí ni àwọn àgbà ìlú wí sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ní ohun ìjọba ni, bàbá."

Ọ̀rọ̀ yìí, "ohun ìjọba ni," ni ó pa yàrá náà. Àìsí epo wulẹ̀ bá a sin òkú rẹ̀ ni. Ohun tí mo sì fẹ́ fi yé yín ni pé yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko kò lè yè níbikíbi ní ilẹ̀ Áfíríkà, àfi bí ìlú tí ó wà níbẹ̀ bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní ara rẹ̀, tí ó ń sanwó rẹ̀, tí ó sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni èyí. Ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga; láti ọdún 2015, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà ṣe é mọ́. Ní ọdún 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ń ṣe ìdánwò rẹ̀ láti ìta ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ àgbẹ̀ kan jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò fọwọ́ kàn rí láyé rẹ̀, aago sì ń sáré. Ọmọ Èkó tí ó jókòó tì í ti ń lo irú rẹ̀ láti kékeré. Bí ọmọ àgbẹ̀ bá fìdí rẹmi, a ó wí pé orí rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n orí àwọn ọmọ wa ti ń wọ́ ní ìṣojú wa láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ẹlòmíràn yóò wí pé fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ ITU, tí í ṣe àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2024 pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń gbé ìlú ńlá ní Áfíríkà, nǹkan bí 57 ni ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì; ní ìgbèríko, nǹkan bí 23 péré ni. Àwọn 23 náà sì ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ra iyọ̀. A lè fi fóònù kí ara wa, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi kọ ìwé gígùn tàbí láti fi kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó.

Kì í sì í ṣe pé ọ̀nà kò sí mọ́. Ní ọdún 2010, okùn MainOne àti ti Glo-1 tí wọ́n gba abẹ́ òkun dé Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2022, okùn Equiano dé pẹ̀lú. Omi ti kún etí òkun, oko ni kò tíì dé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà: àwo kan tí ènìyàn kan lè gbé, tí a ń gbé sórí òrùlé, tí ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, yálà ọ̀nà ọlọ́dà dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀. Nítorí náà, jíjìnnà kì í ṣe àwáwí mọ́. Ohun mẹ́ta ni ó kù: iná, owó oṣooṣù, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọjá agbára ìlú tí ó bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ará wa ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ti ṣe. Ní Nakaseke, ní ilẹ̀ Ùgáńdà, ní àgbègbè kan ní àríwá Kampala tí ogun ọdún 1981 sí 1986 bàjẹ́ gidigidi, ni UNESCO, ITU àti IDRC ti Kánádà bá ìjọba ibẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ fún ará ìlú, tí a ṣí ní ọdún 1999. Ilé ìkàwé wà níbẹ̀, tẹlifóònù wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà níbẹ̀. Fún àwọn obìnrin ìgbèríko tí kò mọ̀wé kà, a ṣe àwo CD kan tí ó ní àwòrán àti ohùn ní èdè Luganda, láti kọ́ wọn ní ọ̀nà tí wọn lè gbà rí owó. Lẹ́yìn náà, ètò World Links àti SchoolNet Uganda gbé àwo sátẹ́láìtì sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgbèríko. Ìlànà wọn ni pé kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lò ó ní ọ̀sán, kí àwọn ará ìlú sì wá sanwó díẹ̀ lò ó nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí owó náà lè ti ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ìlànà tí ó dára ni. Ohun tí ó ni wọ́n lára ni iná tí kò dúró àti owó sátẹ́láìtì, tí ó ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lóṣù ní ìgbà náà. Nígbà tí ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ bá ká kò, ẹni tí ó nílé ni yóò gbé e ró. Bí kò bá sì sí onílé, ilé náà yóò wó.

Àwa pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Ta ni ó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934? Kì í ṣe gómìnà. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n kó owó wọn jọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 457,000, wọ́n sì lé ní 811,000 láàrin ọdún kan. Ìjọba ni ó ṣe òfin, ó sì gbé owó kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìlú kò bá ti fẹ́ ẹ̀kọ́ látọkànwá, ta ni ì bá kó ọmọ wọn wá? Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ìlú pàdé ara wọn ni ọdún náà fi ládùn.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe nísinsin yìí? Mo ní ìmọ̀ràn mẹ́rin.

Èkíní, kí a kọ́kọ́ ra iná kí a tó ra kọ̀ǹpútà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí a ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ amúnáwá ti gbẹ́kẹ̀ lé òfo. Iná oòrùn ni kí a lò, pẹ̀lú bátìrì rere, kí a sì ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí kì í jẹ iná tó ti orí tábìlì.

Èkejì, kí ìgbìmọ̀ ìlú wà tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀: aṣojú Ọba, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ìyálọ́jà, ẹnìkan láti inú àwọn àgbẹ̀, àti ọ̀dọ́ méjì. Kí a máa ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kí a ṣí yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, kí àgbẹ̀ wá wo iye tí a ń ra kòkó, kí nọ́ọ̀sì ìlú wá kọ́ ohun tuntun, kí ẹni tí ó fẹ́ tẹ ìwé wá sanwó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀ má ṣe máa fi kọ̀ǹpútà nìkan ránṣẹ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Owó oṣooṣù ni kí wọ́n gbà rù. Bí 200 ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston bá ń dá 1,000 náírà péré lóṣù, 200,000 náírà ni yóò wọlé. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ ni 70,000 náírà. Bí a bá san èyí fún olùtọ́jú kan, 130,000 náírà ṣẹ́kù fún íntánẹ́ẹ̀tì àti àtúnṣe. Iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ju ti ọdún kan lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀ tí a ń pè ní USPF, láti mú ìbánisọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní. Nínú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń san ni a ti ń yọ ọ́. Ìlú tí ó bá ti ní ìgbìmọ̀, yàrá, iná àti ìwé owó tí ó mọ́ yóò lè dúró gangan béèrè, kò ní tọrọ bí alágbe.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn baba wa kan. Wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́ ọmọ ní ìwà ìbàjẹ́ àti jìbìtì. Òótọ́ ni pé ibi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ ti ń kọ́ ọ? Nínú òkùnkùn ni, lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, níbi tí àgbà kankan kò sí. Yàrá tí àgbà ń ṣọ́, tí gbogbo ènìyàn ń rí ojú ẹ̀rọ ara wọn, ni ibi tí ó láàbò jù.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó kan Ẹgbẹ́ wa jù lọ. Kì í ṣe kí a kàn máa gba ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ. Wikipedia ti wà ní èdè Yorùbá, Kọ́lá Túbọ̀sún sì ti kó àwọn orúkọ wa pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìtàn abúlé ìyá mi? Ta ni yóò gba ohùn àwọn àgbà tí ó mọ oríkì ibẹ̀, kí wọ́n tó lọ? Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni, nínú yàrá náà gan-an, bí a bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin ìjòyè, bí ẹ bá padà dé ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín bóyá irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé ohun ìjọba ni, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìlú.